Ìwé Owó Oṣù

Ọwọ́ mi ni ìwé owó oṣù ń gbà kọjá
nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá, lójú ọ̀nà Ìkìrun.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi di ẹnu mi bí àpò sìmẹ́ńtì.

Nígbà tí mo dé, àpótí búlúù kan wà lẹ́nu géètì,
"Kí lo rí?" ni wọ́n kọ sí i lára.
Sìfáwù tó ń gbálẹ̀ ló rí i pé
bí a bá gé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kúrú díẹ̀
ẹ̀yìn kò ní máa ro àwọn ìyá tó ń lò ó.
A gé e. Ó tà.
Ọ̀gá àtijọ́, tí girísì kì í tán léèékánná rẹ̀,
pe orúkọ Sìfáwù níwájú gbogbo wa,
ó ra bàtà fún un.

Ọ̀gá kú. Àwọn olówó dé láti Èkó,
wọ́n gbé ọ̀gá tuntun sórí àga, wọ́n gba ilé fún un ní Òkè-Fìà:
mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lóṣooṣù.
Igbákejì rẹ̀, Ìyáàfin Gbọ́lágadé, kò gba ìdá kan nínú mẹ́wàá.
Rábíù tó ń jó irin ń gba ẹgbàá mọ́kànlélógún náírà.
Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn páálí:
kí Rábíù tó rí owó oṣù kan ọ̀gá,
ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí lánàá yóò ti tó ìbò dì.

Wọ́n ní àlàfo ló ń mú èèyàn sáré.
Mi ò ní purọ́, wọ́n sáré fọ́dún kan gbáko.
Àmọ́ àga ni wọ́n ń sá tọ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ.
Ẹnjiníà kan ti àwòrán rẹ̀ mọ́ inú dúrọ́ọ̀,
ìkejì lọ rọ kọ́kọ́rọ́ sí i ní Sábó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo gbàgbé ìwé kan sórí fótókópì.
Àbí mo mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé?
Ẹ má bi mí.

Ẹnikẹ́ni ò dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò pariwo.
"Ẹ kú iṣẹ́, sà" ò dínkù.
Àpótí búlúù nìkan ló ṣófo,
tí alángbá wá yé ẹyin sí i.

Ìyá mi rẹ aṣọ láró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun
títí omi eérú fi bó o lọ́wọ́.
Ó ní aṣọ kì í dúdú nínú ìkòkò;
bí ewé tútù ló ṣe ń jáde,
afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró.
Èrò inú ọmọ èèyàn náà nìyẹn.
Mélòó ló ń jẹrà nínú ìkòkò wa?

Rábíù fi ṣọ́ọ̀kì ya ehín ẹ̀rọ kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
ehín tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
tí okùn inú gbágùúdá kò ní há sí mọ́.
Ọjọ́ tí ọ̀gá pe ìpàdé ló ń yà á lọ́wọ́:
"Àwọn ará Ṣáínà ti gbé èyí tó dínwó dé!
Ẹ mú ọgbọ́n tuntun wá!"
Fáànù ń yí. Ẹnì kan wúkọ́.
Rábíù fi bàtà nu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń yún,
títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ báyìí, bí mo bá gba Òkè-Baálẹ̀ kọjá,
mo máa ń gbọ́ ẹ̀rọ kan lábẹ́ páànù. Kì í há.
Lánàá ni Rábíù dá mi dúró:
"Bùọ̀dá Akọ̀wé, ẹ wá bá mi kọ ìwé owó oṣù.
Àwa mẹ́rin la wà."
Mo ní, "Èló ni tìrẹ?"
Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò,
kò tíì dá mi lóhùn.