Owó Bàbà Inú Páìpù

Màmá Prosser ní katakata òun ti ya ọ̀lẹ.
Ọwọ́ iwájú rẹ̀, tó fi ń gbé àpótí ápù,
a máa gòkè bí àgbà tó ń dìde lórí ẹní,
a máa sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń ronú.
Inú abà onípáánù la wà, lẹ́yìn ìlú Ledbury,
òjò oṣù kẹwàá ń ṣe wínníwínní lórí wa.

Mo ní ká má sáré dárúkọ àrùn.
Ọ̀gá mi ní Ìṣẹ́yìn, Làmídì,
tí etí kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ fún,
kì í fọwọ́ kan sípánà kó tó fetí kan irin.
"Ẹ̀rọ a máa rojọ́," ni í wí, "ẹ̀yin lẹ ò gbédè."
Mo tan án. Mo fetí sí pọ́ǹpù:
kò ké bí ẹni tí afẹ́fẹ́ há lọ́fun.
Mo fa ọ̀pá ìwọnpo yọ:
epo ń dán bí oyin tí kò lábùlà;
ká ní omi wọ inú rẹ̀, ì bá funfun bí omi ògì.
Mo tú fíltà. Fíltà kò jẹ̀bi.
Mo so aago ìwọnpá mọ́ ọn,
abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ dúró síbi tó yẹ kó dúró.
Agbára ń bẹ. Ìyára ni kò sí.
Bí omi bá kún àgbá, tí ẹnu ẹ̀rọ há,
garawa á kún, àmọ́ ó máa pẹ́.
Ọ̀nà ọ̀fun ló kù ká yẹ̀ wò.

Mo gbé ọwọ́ irin náà lélẹ̀, mo paná,
mo mi ọ̀pá ìdarí títí agbára tó kù fi tú
(epo tó ń bínú nínú páìpù a máa gún ni bí abẹ́rẹ́).
Mo tú oríkèé kan, mo tú èkejì,
epo ń kán sínú ìgò jáàmù.
Ní ẹ̀kẹta, ohun kan bọ́ sí mi lọ́wọ́:
owó bàbà.

Pẹ́nì ayé àtijọ́,
àtẹ́lẹwọ́ àwọn tó ti kú ti pa ojú ọbabìnrin rẹ́ lára rẹ̀.
Ẹnìkan ti fi fáìlì ha etí rẹ̀ kó lè bá ẹnu páìpù mu,
ó sì lu ihò kan sí i láàárín,
ihò tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan lè dí.
Ta ló ń fi owó bọ ẹ̀rọ?
Mo gbé e lọ bá màmá bí ọlọ́pàá tó mú olè.

Ó nù ún mọ́ aṣọ òtútù rẹ̀. Ó dákẹ́.
"Gwilym ni," ló wí nígbẹ̀yìn.
Ọdún tí egungun ìtan màmá kán,
ó já àpótí lulẹ̀ gbì, ẹ̀rù bà á,
ó búra pé òun ò ní gun katakata mọ́.
Ọkọ rẹ̀ wọ abà lálẹ́ ọjọ́ kan.
Láàárọ̀, ó ní, "Tún gbìyànjú wò."
Ẹ̀rọ náà ti wá rọ̀ bí àdàbà.
Màmá rò pé òun lòun mọ̀ ọ́n wà sí i.
Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi rò bẹ́ẹ̀.

Ó gbé owó náà sójú, ó fi ihò rẹ̀ wo oko.
Mo bi í: kí n dá a padà, àbí kí n jù ú nù?
Ó ní ápù pọ̀ lọ́dún yìí,
Idris, ọmọ-ọmọ òun, ló máa kó o,
ọmọ náà kò sì ní sùúrù.
Kò dá mi lóhùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo rántí ọ̀nà oko wa:
alágbára lè dá ẹrù gbé karí,
sísọ̀ ló ń wá ẹlòmíràn.

Mo gbẹ́ ibùjókòó tuntun fún owó bàbà náà,
mo fi bọ́ọ̀lù irin kékeré àti sípíríìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
ilẹ̀kùn tó ń ṣí síwájú, tí kì í ṣí sẹ́yìn:
epo tó ń lọ yóò gba ẹnu ọ̀nà kọjá,
epo tó ń bọ̀ yóò gba ihò tí Gwilym lu.

A tan ẹ̀rọ. Ọwọ́ irin ju ara rẹ̀ sókè, fìà!
Màmá fò sẹ́yìn, ó bú mi lédè Wales.
Lẹ́yìn náà ó gun orí àga,
ó fa ọ̀pá ìdarí.
Àpótí náà ń sọ̀, ó ń sọ̀,
bí ẹrù tí ẹnìkan bá ni dì mú lápá kejì,
ó fara kan koríko,
kò dún.