Orúkọ Ń Roni

Fadá tó dami sí ọ lórí ní Belmullet, Attracta,
ló ní afàǹkanmọ́ra lorúkọ rẹ ń jẹ́ ní Látìn.
Bàbá wa rẹ́rìn-ín: "Kó kọ́kọ́ fa màlúù wa kúrò létí òkun ná."
Wọ́n ṣe bí ẹ̀fẹ̀ ni.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí o tú rédíò ìyá àgbà palẹ̀,
tí o yọ òòfà inú rẹ̀,
dúdú, ó wúwo, kò ju ẹyọ owó méjì lọ.
O gbé e sábẹ́ bébà, o wọ́n ẹ̀rún irin lé e,
ẹ̀rún irin dìde fùù bí irun ẹ̀yìn ológbò tínú ń bí.
Ìyá àgbà fọ́ ọ létí.
Rédíò kò sọ̀rọ̀ títí Kérésìmesì fi kọjá.
Ṣùgbọ́n mo rí ẹnu rẹ lọ́jọ́ náà:
ẹni tí a fọ́ létí kì í rẹ́rìn-ín báyẹn.

Sístà Benignus ní físíìsì kò sí fún ọmọbìnrin,
kí o lọ kọ́ aṣọ rírán.
O gun kẹ̀kẹ́, máìlì mọ́kànlá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì,
lọ bá Ọ̀gá Lavelle nílé ìwé àwọn ọkùnrin,
afẹ́fẹ́ òkun ń tì ọ́ padà, ń tì ọ́ padà,
ọwọ́ rẹ ń rùn bí ẹrẹ̀ àbàtà tí a ń gé bí búrẹ́dì,
tí a ń sá sí oòrùn tí kì í ràn,
kí a lè rí nǹkan dáná.

Ọdún mẹ́rin ní Galway. Ìyá wa ta ọmọ màlúù mẹ́ta.
N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti Grenoble, lábẹ́ òkè tó fi yìnyín dé fìlà,
o kọ lẹ́tà sí mi:
"Dónal, ariwo ni ooru.
Nínú irin, nínú iyọ̀, nínú òkúta, àwọn átọ́ọ̀mù ń bá ara wọn sọ̀rọ̀,
ooru ni kò jẹ́ ká gbọ́.
Hílíọ̀mù olómi ni mo fi ń pa ariwo náà.
Ó ku ìwọ̀n mẹ́rin péré kí òtútù tán láyé;
ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń kọjú síbì kan náà."
Mo ka lẹ́tà yìí sókè fún àwọn màlúù.
Wọn kò bi mí ní ìbéèrè.

Bàbá wa kú ní oṣù kejì. O kò wá.
Kírísítálì kan ń tutù lọ́wọ́, ọjọ́ kẹsàn-án rẹ̀ nìyẹn,
bí o bá kúrò nídìí rẹ̀, iṣẹ́ ọdún méjì wọmi.
Koríko ti ń hù lórí sàréè kí o tó dé.
Òtútù tó wà láàárín wa lọ́dún náà,
kò sí ẹ̀rọ tó lè wọ̀n ọ́n.

Dublin gbé ọ níyì. Wọ́n kọ Ọ̀jọ̀gbọ́n sára ilẹ̀kùn rẹ,
wọ́n fún ọ ní àmì ẹ̀yẹ onígíláàsì tó ń gba eruku lórí pẹpẹ ìwé.
Kì í ṣe ìyẹn ni mo fi ń yangàn nílé ọtí Padden.
Ohun tí mo ń rò fún wọn ni ti ọdún tí o kọ̀wé sáyé pé,
"Ohun tí mo ní mo rí, n kò rí i.
Wáyà kan ló ń purọ́ fún mi,
èmi náà sì ń wá ẹni tí yóò purọ́ fún mi."
Kò sẹ́ni tó mú ọ, Attracta. Ìwọ lo mú ara rẹ.

Ní báyìí o ti fẹ̀yìn tì, orúnkún ń dùn ọ́,
o jókòó sórí àga Bàbá.
Òòfà rédíò ìyá àgbà wà lára fíríìjì,
ó di ìwé owó iná oṣù yìí mú.
Mo ní, ogójì ọdún rèé o, sọ fún mi,
kí ló mú un lẹ̀ mọ́ ọn?
O wò ó. Ó pẹ́.
O ní, "Mo mọ díẹ̀."
O ju ẹrẹ̀ gbígbẹ kan síná,
àwa méjèèjì sì jókòó ti ariwo rẹ̀.