Kí Ó Lè Ṣí Nílé Ẹlòmíràn

Ní Kutaisi, Nestan ti mú kí fáìlì àtijọ́ sọ̀rọ̀,
fáìlì ẹ̀rọ tí wọ́n rì mọ́ etí odò Rioni
nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́:
gíga omi, wákàtí sí wákàtí,
ní èdè tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà
ti gbé wọ sàréè.
Sọ́fítíwia tuntun wò ó bí àlejò tí kò kí onílé.

Oṣù méjì ló fi tú u.
Ó rí i pé ìdí nọ́ḿbà ló ń ṣáájú orí,
bí ọmọ tí ń wọ ẹ̀wù láti ẹsẹ̀;
pé 9999 kì í ṣe omíyalé,
"mi ò rí nǹkan kan" ni ẹ̀rọ ń wí.
Ó kọ kóòdù. Odò ṣí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀.
Ó jẹ búrẹ́dì oníwàrà, ó sùn.

Àfi bí Jumber ṣe pè láti ìlú tó ń jẹ́ Oni
(kì í ṣe òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òní náà ló fẹ́ ẹ):
"Fi ránṣẹ́. Èmi ò mọ kóòdù.
Mo kàn fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kí ó ṣí."

Nestan bá jókòó ti ẹrù dídì.
Ó fún un lórúkọ, torí àfikún tí kò lórúkọ,
sọ́fítíwia kì í fún un ní ìjókòó.
Ó kọ ẹni tó ṣe é, àwọn tó lè lò ó,
irú fáìlì tó mọ̀.
Ẹ̀yà rẹ̀: òdo, àmì, ọ̀kan.
Ó ya ẹ̀kán omi kan ṣe àmì ìdánimọ̀;
ó jọ ọ̀dùnkún. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Ó fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, ó fi ránṣẹ́.

Kò ṣí.
Lẹ́tà pupa ni Jumber dá padà.
Nestan kà á, ó fọwọ́ bojú:
láàrin kóòdù ló kọ àdírẹ́sì fódà ara rẹ̀ sí,
orúkọ rẹ̀, tábìlì rẹ̀, "ìdánwò ìkẹyìn pátápátá kejì".
Kọ̀ǹpútà Jumber ń wá yàrá Nestan kiri ní Oni!
Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà,
inú ilé laṣeni ń gbé.
Ó yọ ilé rẹ̀ kúrò nínú ẹrù náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, Jumber tún pè, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.
Ìyá òun, Tsiala, ló jókòó ti òun,
òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀.
Ó ti fi ìka kan ibi tí ìlà náà ti fò sókè:
"Alẹ́ tí afárá lọ nìyẹn.
Mo sọ fún wọn pé omi dé ojú fèrèsé.
Wọ́n ní oorun ló ń kùn mí."

Nestan ò mọ èsì.
Ó pa òdo, àmì, ọ̀kan rẹ́,
ó kọ òdo, àmì, méjì.
Ọ̀dùnkún náà ṣì wà níbẹ̀.