Ẹ̀yìn Etí

Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, sáìtì Ọ̀bà-Ilé dákẹ́.
Mo fọ ṣọ́bìrì, mo fọ páànù,
mo dà wọ́n dé sórí búlọ́ọ̀kù;
ó wá ku èmi nìkan tí a kò tíì fọ̀.

Ẹ wo ọwọ́ bíríkìlà:
sìmẹ́ǹtì ti fa omi inú rẹ̀ mu
bí yanrìn ṣe ń fa òjò àkọ́rọ̀.
Fágbuyì pariwo láti orí àkàbà:
"Akínṣuyì, ó tún ti ń lọ para bí ìyàwó tuntun!"
Gbogbo lébìrà bú sẹ́rìn-ín.
Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ sọ?
Òótọ́ ni.

Mo ní báágì dúdú kan tí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́.
Ọṣẹ dúdú wà níbẹ̀ nínú agolo mílíìkì,
kànìnkànìn tí mo gé sí méjì,
àdín àgbọn nínú ìgò oògùn ikọ́,
àti òrí tí mo rà lọ́wọ́ Ìyá Rèkíyà lẹ́yìn Ọjà Ọba.
Mo máa ń gbóòórùn rẹ̀ kí n tó sanwó.
Bó bá ń rùn bí èéfín díẹ̀, mo mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é.
Ìyá Rèkíyà á wò mí, á tún fi ìka bù kún un.

Ara tó ṣì tutù ni kí o fi òróró pa.
Má nu omi tán.
Yèyé ló kọ́ mi, lágbàlá wa ní Òkè-Lísà, l'Óǹdó.

Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ lorúkọ rẹ̀.
Orúkọ náà ní ọmọ tó ọ̀ṣọ́. Òun ní kò tó.
"Ẹni tó bí mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò bi mí."
Á sun eèpo kòkó títí yóò fi di eérú,
á sẹ́ omi eérú náà, á da àdín èkùrọ́ sí i,
á máa rò ó lórí iná bí ẹni ń ro ọkà fún àlejò,
gbogbo àdúgbò á máa sín.
Wọ́n ní ìwà lẹwà. Yèyé gbà.
"Ṣùgbọ́n ìwà ò ní kí gìgísẹ̀ la bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn."
Á fi orúnkún méjèèjì há mi mọ́lẹ̀,
á fọ̀ mí bí ìkòkò tí ọbẹ̀ jóná sí.
"Má gbàgbé ẹ̀yìn etí.
Ibi tí ìwọ ò lè rí ni ayé ń wò."

Mo ti ra ìpara olówó ńlá rí,
èyí tó ṣèlérí pé n ó mọ́ láàárín ọjọ́ méje.
Lọ́jọ́ kẹta, ojú mi bó bí àlùbọ́sà.
Mo sọ ọ́ sí odò Àlà.
Kí Ọlọ́run dárí jì mí nítorí ẹja.

Ọyẹ́ èṣí le.
Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn: Fágbuyì.
Ìka rẹ̀ ti la, ẹ̀jẹ̀ ń yọ lójú ibẹ̀.
Ó ní ìyàwó òun ló rán òun.
Fágbuyì ò tíì gbéyàwó.
Mo bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, mo jẹ́ kí ooru ara yọ́ ọ,
mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.
Rédíò alájọgbélé ń ka ìròyìn, a ò sọ nǹkan kan.
"Ó ń rùn," ló wí níkẹyìn.
"Bẹ́ẹ̀ ni."
"Bu díẹ̀ fún mi lọ. Fún un, mo ní."

Ọdún tí Yèyé ò lè dìde mọ́,
èmi ni mò ń fi òrí pa á lẹ́sẹ̀.
Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìwé inú Bíbélì,
ẹ̀rù ń bà mí kí ọwọ́ bíríkìlà má fà á ya.
Mo rò pé ó ti sùn. Mo ń dé ìgò.
Ó la ojú kan:

"Ẹ̀yìn etí."