Aláìsàn Kẹtàdínlógún

Ní Uppsala, agogo mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú.
Yìnyín bo ìjókòó kẹ̀kẹ́ wa níta.
Torborg, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi,
ń ka oògùn kan tí kò tíì lórúkọ:
lẹ́tà méjì, nọ́ńbà mẹ́rin,
ojú ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá.

Àwọn tó ṣe é ní ó ń mú iṣan ọmọdé sọjí.
Òótọ́ ni. Ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́rin ló lò ó,
àádọ́ta nínú wọn dìde jókòó.
Torborg ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
kò yẹ̀.

Àfi ìlà kan ní ìsàlẹ̀ àtẹ, tó tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà:
aláìsàn kẹtàdínlógún, ojú pọ́n, ìtọ̀ pọ́n,
ó fi ìdánwò sílẹ̀ nítorí ìrìn àjò.
"Ìrìn àjò kẹ̀?" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Ta ní í gbé ẹ̀dọ̀ wíwú rìnrìn àjò?"

Lẹ́tà Elof wà lábẹ́ ife kọfí rẹ̀,
Elof tó ń wa ọkọ̀ akóyìnyín ní Kiruna:
Tuva ọmọ mi pé mẹ́fà.
Lọ́dún tó kọjá ó ń gbé ṣíbí fúnra rẹ̀.
Ní báyìí èmi ni mò ń gbé e.
Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń dúró dè?

Wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.
Ẹni tó sọ ọ́, ṣé ó bímọ?

Ó fi ìbéèrè ránṣẹ́, ìlà kan péré:
níbo ni aláìsàn kẹtàdínlógún wà?
Bí a bá ti bèèrè, aago a dúró, bí òfin ti wí.
Aago ọ́fíìsì ni mo ń wí o.
Ti Tuva kò gbọ́ òfin.

Ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún kí èsì tó dé.
Ọmọ náà wà láàyè, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bọ̀ sípò;
ibùsùn ọsibítù ni ìrìn àjò tó rìn.
Torborg kò pariwo. Ó fọwọ́ sí i ní oṣù Kàrún-ún,
ó so ìjánu mọ́ ọn: ẹ̀jẹ̀ yíyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì,
àti onígun mẹ́ta dúdú adorí-kodò nínú ìwé ìlò rẹ̀,
kí ẹni tó bá kà á mọ̀ pé a ṣì ń wò ó.

Lẹ́tà kejì kò wá láti Kiruna.
Ní àràárọ̀, kí kọfí tó hó,
ó ń ṣí ìròyìn àwọn tí oògùn ṣe léṣe:
ara yíyún ní Malmö, èébì ní Kalmar.
Ó ń wá Kiruna níbẹ̀.
Bí kò bá rí i, á mí kanlẹ̀,
á sì tún wá a lẹ́ẹ̀kan sí i.