Mo Gbè Sẹ́yìn Apànìyàn

Níbí, ní òkè Valdres, tí Àjíǹde bá dé,
ìwé ọ̀daràn là ń kà.
A ó bó ọsàn, a ó ṣẹ́ ṣokoléètì,
òjò dídì á gun fèrèsé dé ìdajì,
oníkálukú á wá igun tirẹ̀, á kó sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì,
á máa wo bí wọ́n ṣe ń pa ènìyàn.

Èmi Ragnfrid, akọ̀wé owó-orí,
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka owó olówó
tí kọ́bọ̀ kan ò lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.
Bí ọlọ́jà bá fún mi ní ṣéńjì tó lé, mo máa ń padà lọ.
Ẹ wò mí ní aago méjì òru,
tí mo ń bẹ Ọlọ́run kí ọlọ́pàá má rí òkú.

Brede ni wọ́n pe ọkùnrin inú ìwé náà.
Dókítà eyín ni. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ohùn rẹ̀ rọ̀.
Ní ojú ìwé ogójì, ó ti alábàáṣòwò rẹ̀
láti orí afárá sínú odò tó ń dì lọ.
Mo ní, "Háà! Ìkà!"
Ní ojú ìwé kọkànlélógójì
ó délé, ó gbé ọbẹ̀ kaná fún ìyá rẹ̀ tó ti ń gbàgbé orúkọ,
ó fẹ́ atẹ́gùn sí ṣíbí kó tó fi kàn án lẹ́nu,
ó fi tówẹ́ẹ̀lì nu ẹsẹ̀ ajá rẹ̀ gbẹ,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti mú mi.
Ẹ̀tàn ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀tàn ni.
Ẹja tó mọ ìwọ̀ náà ṣì ń fẹ́ ekòló.

Ọlọ́pàá obìnrin tó ń lépa rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí.
Olóòótọ́ ni, kì í gba rìbá,
gbogbo ìbéèrè rẹ̀ ló bọ́gbọ́n mu.
Mo kórìíra rẹ̀ dé orí okùn bàtà.
Ó ń fi pẹ́ńsù tó gbẹ́ ṣóńṣó
fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ iye owó,
bí mo ṣe máa ń fà á.

Bí mo ṣe máa ń fà á.

Ìwé bọ́ lé mi láyà.
Gjertrud ló sọ sí mi lọ́kàn, opó tó ń hun ìbọ̀wọ́
létí èbúté, lọ́jọ́ tó ti pẹ́.
Kò san owó-orí lórí ìbọ̀wọ́ igba ó lé mẹ́rin.
Mo kà á. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi ránṣẹ́.
Òfin ni mo tẹ̀ lé, wọ́n sì yìn mí.
Kí òtútù tó tún dé, wọ́n ti kan pákó mọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.
Ó ń kí mi títí ó fi kú.
Ó ń kí mi ni o.
Kò sí ọlọ́pàá tó wá mi wá.

Brede, sáré.
Gba ẹ̀yìn ilé ọkọ̀ ojú omi, òjò dídì á bo ipasẹ̀ rẹ,
ajá rẹ kò ní gbó, mo ti bẹ̀ ẹ́.
Kì í ṣe pé mo gbàgbé ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò.
Ó bí ọmọ méjì, mo kà á, mo mọ orúkọ wọn.
Síbẹ̀, sáré.

Ojú ìwé ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá:
ọlọ́pàá ti gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn.
Mo ṣí i. Òfo.
Wọ́n ti fà á ya. Kùkùté bébà ló kù,
bí erìgì tí wọ́n yọ eyín kúrò lára rẹ̀.
Mo jí Oddvar. "Ta ló fa ìwé mi ya?"
Ó nàka sí sítóòfù, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì:
"Igi tutù lánàá. Mo rò pé o ti kà á tán."
Ó yíjú sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun,
ọ̀daràn tí kò mọ̀ pé òun dá ọ̀ràn.

Mo tú eérú wò. Kò sí ìdájọ́ níbẹ̀.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ìbọ̀wọ́ mi, mo jáde lọ kó igi.
Pupa ni, òdòdó funfun ló wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀.
Ẹ̀rí ni wọ́n gbé e wá fún mi nígbà yẹn,
kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n dá a padà.
Mi ò rántí ọjọ́ tí mo gbé e lọ sílé.
Ó ṣì ń mú ọwọ́ móoru.