Bísíkíìtì Chaura

Chaura, jókòó. Má gbó mọ́.
Iná ààrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn, afẹ́fẹ́ Porvenir
ń ti ilẹ̀kùn bí ẹni tó wá sin gbèsè,
èmi sì ń wá ṣíbí Herminda
bí ẹni wá ìwo lọ sílé ajá.

Ogójì ọdún ni mo fi rẹ́ irun àgùntàn.
Ọwọ́ yìí mọ àgùntàn ju bí ìyá rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ,
àmọ́ ẹyin kan ṣoṣo, n kò fọ́ ọ rí
kí èèpo má bá a wọ inú abọ́.
Wò ó, ó ti bá a wọ̀ ọ́. Dúró kí n yọ ọ́.

Àwa méjèèjì mọ ohun tó gbé wa dé ìdí ààrò.
Lọ́jọ́ tí a sin ín, àwọn aládùúgbò gbé kéèkì wá,
èso àjàrà gbígbẹ kún inú rẹ̀ bí eṣinṣin.
Wọ́n gbé e sórí àga, wọ́n ń sunkún,
ìwọ sì ń jẹun.
Ta ló ń ṣọ́ ajá lọ́jọ́ òkú?
Lóru lo bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Mo fi kóòtù mi wé ọ nínú ọkọ̀,
mo ń sọ fún Ọlọ́run pé
ẹnì kan ti tó lọ́sẹ̀ yìí.

Yasna, dókítà ẹran, kò bá mi wí.
Ó fa omi sí ọ lára fún ọjọ́ méjì,
ó wá mú bébà, ó kọ ọ́ gàdàgbà bí ẹni ń kọ̀wé sọ́mọdé:
Àjàrà, tútù tàbí gbígbẹ, rárá.
Ṣokoléètì, rárá. Àlùbọ́sà àti aáyù,
ìbáà jẹ́ lẹ́búlẹ́bú.
Bọ́tà ẹ̀pà, ka ara agolo rẹ̀ ná:
bí o bá rí ṣúgà tí wọ́n ń pè ní sáílítọ́ọ̀lù,
dá a padà sórí igbá.
Mo lẹ bébà náà mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò Herminda.
Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń dùn mọ́ mi lẹ́nu ló wà níbẹ̀.
Àṣé kì í ṣe gbogbo ohun téèyàn fẹ́ràn
ló lè fún ẹni tó fẹ́ràn.

Ó dáa. Elégédé nìyí, mo sè é, mo tẹ̀ ẹ́ fọ́,
kò sí iyọ̀, kò sí ṣúgà.
Ẹ̀dọ̀ àgùntàn, díẹ̀ ni o, àpọ̀jù rẹ̀ náà ń ṣèpalára;
mo gé e wẹ́wẹ́ títí ọ̀bẹ fi kúmú.
Óòtì. Ẹyin oníèèpo yẹn.
Ìgò wáìnì òfìfo ni mo fi tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ,
ẹnu ife ni mo fi gé e.
Àwọn kan rí róbótó,
àwọn kan rí bí etí rẹ tí wáyà ọgbà ya.

Má wo ààrò bẹ́ẹ̀, wíwò kì í mú un jinná.
Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dé inú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò ní í pẹ́ di kàsì.
Ti àná jó. Àwọn ẹyẹ òkun pàápàá kọ̀ ọ́.

Ó yá. Ó ti tutù. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.
Kò dùn, kò korò, ó ń rùn bí ọjọ́ ìparan.
Kò níyọ̀.
Gbólóhùn yẹn ni mo máa ń sọ lórí tábìlì yìí lálaalẹ́:
“Herminda, kò níyọ̀.”
A na ìgò iyọ̀ sí mi láìgbójú sókè.
N kò bi í rí bóyá òun ti jẹun.

Gbà. Ẹyọ kan. Ìpápánu ni, kì í ṣe oúnjẹ alẹ́,
ìyókù ń lọ sínú fìríìjì.
O ò tilẹ̀ rún un, o gbé e mì,
o lá ọwọ́ mi, o lá ilẹ̀, o lá ẹsẹ̀ tábìlì.
O ò béèrè iyọ̀.